Ìrìn Àjò Ọjọ́ Méjì sí Adágún Píńkì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba lẹ́tà yín. Ọdún mẹ́sàn-án ni a ò ti fojú kan ara wa, ojú-ewé kan péré lẹ kọ, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ èébú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á tán, nítorí mo ti gbàgbé bí ẹ ṣe máa ń kí èèyàn.

Ẹ ní ojú yín ọ̀tún ti kú, ti òsì náà ti ń ṣú, pé ẹ fẹ́ rí mi kó tó bá ìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ ní kí n wálé. Mi ò lè wálé. Àmọ́ ẹ lè wá síbí. Mo ti gba ìwé ìpè, mo ti kọ gbogbo ohun tó yẹ sínú rẹ̀, ìbuwọ́lù mi nìkan ló kù.

Adágún kan wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí omi rẹ̀ jẹ́ píńkì. Kì í ṣe oòrùn ló ń tàn sí i. Ọ̀sán gangan ni mò ń sọ. Ìyàwó ọ̀gá mi débẹ̀, ó gbé fọ́tò bọ̀, mo wò ó títí ọ̀gá fi ní ṣé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Wọ́n ní iyọ̀ ló pọ̀ nínú omi náà, àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tí ojú ò lè rí sì ń gbé inú iyọ̀ ọ̀hún, àwọn ló ń pa á láró. Ọjọ́ méjì ni èèyàn máa fi wa mọ́tò débẹ̀. Èmi ni màá wà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ, ó yẹ kó rí ohun tí kò rí rí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí n tó buwọ́ lùwé. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ òjò yẹn. Ẹ mọ ọjọ́ tí mò ń sọ. Èmi ni mo fi omi àti ìgbálẹ̀ fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún mọ́tò ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi fóònù pè mí. Lórí fóònù ẹ máa ń pariwo, èmi náà á pariwo, a ó sì pa fóònù mọ́ ara wa létí. Ìwé ò lè pariwo.

Èmi ni ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́

*

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ ka lẹ́tà rẹ fún mi, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú kan tó kù fún mi ṣì tó ó ka àfojúdi.

Omi píńkì. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo fi na ara mọ́tò, tí mo fi ń po ọ̀dà, mi ò tíì rí omi tó ń kun ara rẹ̀ lọ́dà. Ẹnì kan ló da nǹkan síbẹ̀. Bi wọ́n léèrè dáadáa, wàá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan wà nítòsí. Àmọ́ màá wá wò ó. Irú mọ́tò wo lo ní? Má fi àgékù mọ́tò gbé àgbàlagbà rin ọjọ́ méjì o. Iwájú ni màá jókòó sí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kọrin sí mi létí.

Ara mi le. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tíṣà kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá, ó ní ọ̀dà tí mo kùn sí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá ti àtijọ́ mu. Ó na ìka sí mi lójú. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu, eyín kan fò jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ wá eyín náà títí lábẹ́ mọ́tò, kò rí i. Èmi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú mi dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá wọn náà ti gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ mi rí, ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ òjò wo lò ń sọ? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni òjò rọ̀ láyé yìí? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ká ní mi ò nà ọ́, ṣé wàá mọ iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ lónìí? Obìnrin mélòó ló mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti wó? Ó yẹ kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni, kì í ṣe kí o máa fi mí ṣe ìdánwò. Buwọ́ lùwé náà.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n mi dáadáa. Ẹ sọ fún tíṣà yẹn pé mo bá a kẹ́dùn eyín rẹ̀.

Ẹ ní ọjọ́ òjò wo. Mo rántí pé ọ̀dà kì í gbẹ dáadáa lọ́jọ́ òjò, ó máa ń funfun lójú bí ara ẹni tí kò fi òróró para. Nítorí náà ẹ kì í kun ọ̀dà lọ́jọ́ òjò. Ọwọ́ yín á dilẹ̀, á sì wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi á ti máa wá ibi sá sí. Àwọn ọmọ aládùúgbò á sáré jáde lọ wẹ òjò, àwa á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ kọ́ mi pé ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í na irin láti ìta. Inú ni wọ́n ti ń nà án, kí ìta rẹ̀ lè dán. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe nà wá: ẹ̀yìn, ìhà, itan, ibi tí aṣọ máa bò. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ọmọ yín méjèèjì mọ́ lára.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe níbi iṣẹ́. Ọkùnrin kan tí a jọ ń kun ọ̀dà gbá mi ní ìdí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ wà létí ilẹ̀kùn mọ́tò. Mo ti ilẹ̀kùn náà. Ìka méjì kán. Mi ò tilẹ̀ bínú nígbà tí mo ṣe é, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo gbọ́ ìró egungun, mo sì mú sípánà mi, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mò ń fọ ọwọ́, mo wo ọrùn ọwọ́ mi, ó dà bíi pé tiyín ni.

Mi ò jókòó sílé. Mo lọ wo ọ̀nà. Mo ti yà á sínú ìwé kejì tó wà nínú àpò yìí. A ó jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀. Wákàtí mẹ́ta dé ibi afárá, obìnrin kan ń ta tíì níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sì mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì kan tó ní bẹ́ẹ̀dì onírin. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ wà. Bí a bá ti kúrò ní ilé epo tó kẹ́yìn, wákàtí méjì àbọ̀ ni èèyàn máa fi wa mọ́tò láìrí ilé, láìrí igi, fóònù ò sì ní gbé. Ibì kan wà láàárín rẹ̀ tí etí ọ̀nà ti fẹ̀, tí mọ́tò lè yà sí. Mo dúró síbẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹyọ mọ́tò kan ò kọjá. Mo fi àmì pupa sí i fún yín. Mo yí padà kí n tó dé ibi omi náà, nítorí mo fẹ́ kí a jọ rí i.

Ẹ kọ ọ́, bàbá mi. Ẹni tí ẹ ṣe é fún ń gbé e kiri títí dòní. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹ jókòó sílé kí ẹ máa wo ògiri títí ẹ ò fi ní rí ògiri mọ́.

Abẹ́rẹ́

*

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Ìwọ,

Mi ò kí ọ. Ta ló bí ta nínú èmi pẹ̀lú ẹ? Ká ní o wà níwájú mi ni, màá ti gbá ọ lójú débi tí wàá fi máa ka ìràwọ̀ lọ́sàn-án. Mo fa lẹ́tà rẹ ya, mo fa ọ̀nà tí o yà náà ya. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń ṣa á nílẹ̀, ó ń tò ó pọ̀ bí ẹni tó ń wá oúnjẹ nínú iyanrìn. Mo ní kó fi sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Mo ju ife lù ú. Ó bà á níwájú orí, wọ́n rán an ní ojú mẹ́rin. Ọkùnrin tó fẹ́ pé ogójì ọdún, tó dúró tí ẹ̀jẹ̀ ń sun sí i lójú, tó sì tún ń tò bébà. Ìwọ lo fà á.

Máa lọ wo omi rẹ. Bí o bá rì sínú rẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ sọ fún mi.

*

Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Ìwé ìpè yín ṣì wà lórí tábìlì mi. Mi ò tíì buwọ́ lù ú.

Abẹ́rẹ́

*

Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù keje

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọkọ rẹ bí o bá ní, o ò kúkú sọ fún mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbé bírò tí mo ń gbé e sílẹ̀. Ojú mi òsì ti di ihò abẹ́rẹ́. Mò ń kọ èyí lẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, ìka mi ni mo fi ń díwọ̀n ìlà.

Láti ìgbà tí o ti kọ́kọ́ dárúkọ omi píńkì ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ń lọ. Mo kàn ń dọ́gbọ́n ni. Omi tí o gbá sínú gọ́tà lọ́jọ́ náà, àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. Mo sọ fún ọ pé ọ̀dà pupa ló dà sílẹ̀, o sì ń gbá a lọ, ò ń kọrin. Mo rò pé o gbà mí gbọ́. Mi ò mọ ẹni tó wá là ọ́ lójú.

Ìyá yín kò bá awakọ̀ kankan sá lọ. Irọ́ ni mo pa. Òjò ń rọ̀, mi ò níṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ wà níléèwé. Ìyá yín ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣàìsàn. Mo ní kò ní lọ. Ó gbé báàgì rẹ̀. Mo fi òòlù gbá a ní àgbọ̀n. Onírọ́bà ni òòlù náà, gbogbo ọdún yìí ni mo fi ń sọ fún ara mi pé onírọ́bà ni, bíi pé ìyẹn ló sọ ọ́ di nǹkan kékeré. Àgbọ̀n rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu ọ̀hún ò ṣeé ṣí, kò sì ṣeé pa dé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò búlúù kan, ó ń wò mí. Àwọn aládùúgbò ló ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ.

Ó padà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Á dúró ní géètì, aṣọ tí wọ́n fi di àgbọ̀n rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, á máa na ọwọ́ sínú ilé. Mo máa ń ti ẹ̀yin méjèèjì mọ́ yàrá. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé irin jáde. Mo ní bó bá tún wá, òun kọ́ ni màá pa, ẹ̀yin ọmọ ni. Kò wá mọ́. Lọ́dún kejì, ó kọ lẹ́tà sí yín. Mo fèsì lórúkọ yín. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, kó lè dà bí ọwọ́ ọmọdé. Mo kọ ọ́ pé ẹ ò fẹ́ rí i.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Buwọ́ lùwé, ọmọ mi.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ

Mi ò kí yín.

Ọjọ́ tí mò ń bi yín ni ọjọ́ tí ẹ fọ́ etí Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó da agolo ọ̀dà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì oníbàárà, ẹ gbá a létí ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti inú etí náà bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò pa dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dà ni mò ń gbá. Etí yẹn ò gbọ́ràn títí dòní. Ìyẹn nìkan ni mo ní kí ẹ kọ. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìyá mi. Kò sẹ́ni tó là mí lójú. Mi ò tilẹ̀ rántí pé mo ti gbálẹ̀ yẹn rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ti ta sílẹ̀ pọ̀ débi pé a bi yín ní ọ̀kan, ẹ ń jẹ́wọ́ òmíràn.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kórìíra obìnrin yẹn. Tí mo bá rí ìyá tó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú lójú pópó, màá pòṣé. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, mo fọ́ gbogbo abọ́ tó wà nínú ilé ìdáná. Mo fi orí gbá ilẹ̀kùn fíríìjì títí ó fi tẹ̀. Onílé mi sá wá, ó rò pé wọ́n ń pa èèyàn.

Ó yá, èmi náà máa jẹ́wọ́. Ibi tí mo fi àmì pupa sí lójú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi ìsinmi. Mo fẹ́ já yín sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Mo ti ra òòlù onírọ́bà, ó wà nínú búútù mọ́tò mi. Mo fẹ́ gbá yín létí ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n wá gbé yín padà sínú mọ́tò, kí a lọ wo omi náà. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín kí ẹ kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀ nígbà tó bá bà yín. Ní báyìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀ẹ̀kan ló máa jẹ́.

Níbo ni ìyá mi wà?

*

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Abẹ́rẹ́,

Mo kí ọ. Mo mọ̀ pé o ò ní kí mi padà.

Mo mọ ohun tí àmì pupa náà wà fún. Mo mọ̀ ọ́n láti oṣù kẹta. Èèyàn kì í ya ibi tí kò sí ilé, tí kò sí igi, dáadáa tó bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láìní nǹkan nínú. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi fa ìwé rẹ ya. Nígbà tó yá, mo ní màá kúkú lọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

Ìyá yín wà nílùú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ilé kejì sí ti ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Aṣọ iléèwé ló ń rán. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo rí i láti inú mọ́tò. Àgbọ̀n rẹ̀ ṣì wọ́. Mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ní kó sún mọ́ mi, mo sọ ọ́ sí etí rẹ̀ òsì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì mí lu ògiri, egungun ìhà mi kan sán, lẹ́yìn náà ló lọ di báàgì rẹ̀. Kò tíì padà. Obìnrin aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ fún mi. Mi ò dá ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́bi.

Jẹ́ kí n wá. Dúró níbi àmì pupa yẹn. Iye ìgbà tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn ni kí o gbá mi. Tí o bá ṣe tán, fà mí dé etí omi náà kí ojú mi tó pa dé. Mi ò tọrọ ju ìyẹn lọ.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ìrora ìhà. Mi ò mọ ẹni tí ẹ máa fún ní lẹ́tà yìí kó kà á fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kó kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ kan ilẹ̀kùn Màmá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, Màmá sì ní òun ò gba iṣẹ́ aṣọ mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lódìkejì. Ìgbà tó yí ẹ̀gbẹ́ orí sí i láti gbọ́ ohun tó ń sọ ni Màmá rí ojú rẹ̀ dáadáa, ló bá pè é lórúkọ.

Mo kọ ìwé ìpè mìíràn, orúkọ Màmá ni mo kọ síbẹ̀. Ó dé lóṣù tó kọjá. Iwájú ló jókòó sí. Nígbà tí a dé ibi àmì pupa, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa mọ́tò. Ó ní kí ló dé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan òòlù, títí kan ìka méjì tí mo ṣẹ́. Kò bá mi wí. Ó ní kí n ṣáná sí mọ́tò. Ó di ọwọ́ òsì mi mú títí a fi dé ibi tí a ń lọ, ọwọ́ kan ni mo fi ń wa mọ́tò.

Píńkì ni omi náà, bàbá mi. Kò sẹ́ni tó da nǹkan síbẹ̀. Iyọ̀ ti dì létí rẹ̀, ó le, ó ń ró lábẹ́ bàtà. Màmá ní ó dà bí inú ẹnu ọmọ ìkókó tí kò tíì hu eyín. Ó rẹ́rìn-ín. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń jẹun. Mo jókòó lórí iyọ̀, mò ń wò ó, mo sì ń pa yín lọ́kàn mi. Mo pa yín lọ, mo pa yín bọ̀.

Màmá ní kí n jẹ́ kí ẹ wá, pé ta ló ń bá afọ́jú jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò gbà sí i lẹ́nu nìyẹn. Ẹ ní kí n gbá yín iye ìgbà tó bá tẹ́ mi lọ́rùn. Kò ní tẹ́ mi lọ́rùn. Mo mọ ọwọ́ mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́. Mo ti fa ìwé ìpè yín ya. Ẹ jókòó sílé, bàbá mi. Mi ò fẹ́ pa yín.

Abẹ́rẹ́